Ìwé Ìjìnlẹ̀ ní Àrọ́wọ́tó Gbogbo Ènìyàn: Àlàyé lórí Ìtẹ̀wé Alájùmọ̀ṣe àti Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Ẹ́

Ní oṣù Èrèlé ọdún 2002 ni àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ti ṣe ìpàdé ní ìlú Budapest gbé ìkéde kan jáde lórí bí ó ti yẹ kí iṣẹ́ ìwádìí máa dé ọwọ́ ẹni tí ó fẹ́ kà á. Láti ìgbà náà ni gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì náà, open access, ti gbòde láàrin àwọn olùkọ́ yunifásítì, àwọn olùtọ́jú ibi-ìkówèésí àti àwọn atẹ̀wé. Ohun tí ìkéde náà béèrè kò ṣòro í sọ: kí ẹnikẹ́ni tí ó bá lè dé orí íntánẹ́ẹ̀tì lè ka iṣẹ́ ìwádìí, kí ó lè dà á kọ, kí ó lè tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ó sì lè fi í ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, láìsan owó àti láìtọrọ àṣẹ, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti dárúkọ òǹkọ̀wé, tí kò sì ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́. Àpilẹ̀kọ inú jọ́nà ni àwọn tí ó kọ ìkéde náà ní lọ́kàn jù lọ. Odindi ìwé, ìyẹn ìwé ìjìnlẹ̀ tí ó tó igba tàbí ọ̀ọ́dúnrún ojú-ewé, kò tètè bá wọn rìn, nítorí pé iṣẹ́ tí ó wà nídìí rẹ̀ pọ̀ ju ti àpilẹ̀kọ lọ, owó tí a ń ná sí i sì pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí odindi ìwé náà ṣe wá ń rí ọ̀nà, àti àwọn ọ̀rọ̀ tí a lè fi sọ ọ́ ní Yorùbá, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé.

Ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń wá sí ẹnu ni “ìwé ọ̀fẹ́”. Ọ̀rọ̀ yìí ní ìtàn ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ni “ọ̀fẹ́” ti gba ìtumọ̀ ohun tí ìjọba ń fún ará ìlú láìgba owó ní ẹnu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó san owó orí nígbà náà mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a kò náwó lé. Àléébù ọ̀rọ̀ náà nìyẹn: ó ń sọ ẹni tí kò sanwó fún wa, ó sì ń fi ẹni tí ó sanwó pamọ́. Nínú ọ̀rọ̀ ìtẹ̀wé, ẹni tí ó sanwó gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọ̀pọ̀ ìwé ni a ń rí kà láìsanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí kò sí àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti túmọ̀ tàbí láti tún tẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ohun tí ìkéde Budapest ń wí.

Àwọn kan lè dá “ìwé ṣíṣí” lábàá. Èyí sún mọ́ Gẹ̀ẹ́sì jù, ẹni tí kò bá sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yóò rò pé ìwé tí a ṣí kalẹ̀ sórí tábìlì ni, tàbí ìdánwò tí a gba akẹ́kọ̀ọ́ láàyè láti ṣí ìwé wò. “Ìwé gbangba” náà ní tirẹ̀: ó dà bí ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri kóòtù kí gbogbo ayé lè rí i. Ọ̀rọ̀ tí àpilẹ̀kọ yìí fọwọ́ sí ni “àrọ́wọ́tó”. Kò sí ẹni tí a ní láti kọ́ ní ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníròyìn ti ń lò ó nípa oògùn, omi àti oúnjẹ fún ìgbà pípẹ́. Bí a bá fi “gbogbo” kún un, ìwé àrọ́wọ́tó-gbogbo, ó ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé tí ó kàn wọ́n tàbí tí kò wọ́n. Kò sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán, nítorí pé ẹ̀tọ́ àtitúmọ̀ àti àtitúntẹ̀ kò hàn nínú rẹ̀. Ìwé-àṣẹ ni yóò sọ ìyẹn, ọ̀rọ̀ yóò sì kàn án níwájú.

Ìwé kan wà tí ìtàn rẹ̀ lè fi bí nǹkan wọ̀nyí ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn ju àlàyé lásán lọ, kò sì jìnnà sí ilẹ̀ Yorùbá. Ní ọdún 1970 ni Clarendon Press ní Oxford tẹ Oral Literature in Africa tí Ruth Finnegan kọ. Láàrin àwọn Limba ní Sierra Leone ni òǹkọ̀wé náà ti ṣe ìwádìí tirẹ̀, ṣùgbọ́n Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti ń kọ́ni láti ọdún 1965 títí di ọdún 1969, ìyẹn ní àwọn ọdún tí ìwé náà ń gbára jọ. Ẹsẹ Ifá wà nínú rẹ̀, ìjálá àwọn ọdẹ wà nínú rẹ̀, odindi orí kan sì wà lórí èdè ìlù. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ alohùn ní Áfíríkà ni ó jẹ́ pé orí ìwé yìí ni olùkọ́ wọn ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, nígbà tí ó ṣe, ìwé náà tán lórí àtẹ, a kò tún un tẹ̀ mọ́, ẹ̀dà tí ó kù sì di ohun tí ibi-ìkówèésí ilẹ̀ òkèèrè ní ju ti Áfíríkà lọ. Àwọn tí a gba ohùn lẹ́nu wọn, àti àwọn ọmọ wọn, ni ó wá ṣòro fún jù láti rí i kà.

Open Book Publishers, ilé ìtẹ̀wé kan tí àwọn onímọ̀ dá sílẹ̀ ní Cambridge ní ọdún 2008, fẹ́ tún ìwé náà tẹ̀ ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn, pẹ̀lú ìfọwọ́sowọ́pọ̀ World Oral Literature Project. Owó ni kò sí. Ní ọdún 2012 ni wọ́n gbé e lọ síwájú àwọn ènìyàn nípasẹ̀ Unglue.it, ètò kan tí a dá sílẹ̀ láti máa gba owó jọ lọ́wọ́ ará ìlú kí ìwé lè bọ́ nínú ìdè. Dọ́là 7,500 ni wọ́n béèrè. Ìlànà ètò náà ni pé ẹnikẹ́ni lè ṣèlérí iye tí agbára rẹ̀ ká. Bí àròpọ̀ ìlérí wọ̀nyí bá pé kí ọjọ́ tó pé, a ó gba owó náà. Bí kò bá pé, a kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Ní oṣù Òkúdu ni owó náà pé, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ó ju igba lọ. Kí ọdún náà tó parí ni ìwé náà ti jáde, tí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, ní Kútọnu tàbí ní Freetown lè gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ láìsan nǹkan kan. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ̀dà tí ó ṣe é gbé lọ́wọ́ lè ra èyí tí a tẹ̀ sórí ìwé.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan nínú ìtàn yìí. Àwọn tí ó dá owó náà kò rí ohun tí àwọn tí kò dá a kò rí. Ìwé kan náà ni gbogbo wọn gbà. Báwo ni a ó ṣe pe irú owó bẹ́ẹ̀ ní Yorùbá? Ẹni tí kò bá fara balẹ̀ yóò sọ pé èsúsú ni. Èsúsú kọ́. Bí ènìyàn mẹ́wàá bá ń dá ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà lóṣooṣù, tí ẹnì kan sì ń kó ọgọ́rùn-ún kan ẹgbẹ̀rún náírà lóṣù kọ̀ọ̀kan, nígbà tí oṣù kẹwàá bá fi pé, olúkúlùkù ti gba gbogbo owó rẹ̀ padà. Àjọ tí a ń dá fún alájọ náà ń padà sọ́dọ̀ ẹni tí ó dá a, bí a bá yọ owó iṣẹ́ alájọ kúrò. Owó ìwé àrọ́wọ́tó-gbogbo kì í padà. Ohun tí ó bá a mu ni “ìdáwójọ”, irú èyí tí ará àdúgbò ń ṣe láti gbẹ́ kànga, láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tàbí láti tún ọ̀nà ṣe.

Ẹni tí ó bá ń gbé Arepo, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, lẹ́bàá òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìdáwójọ. Ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, láti ibẹ̀ dé Magboro, Ibafo àti Mowe, ilé ti hù ṣáájú ọ̀nà, ṣáájú omi, ṣáájú iná. Ẹgbẹ́ àwọn onílé ni ó sì sábà máa ń dáwó ra tiransifọ́mà, tí wọ́n ń da òkúta sí ojú ọ̀nà, tí wọ́n sì ń sanwó ọlọ́dẹ. Nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìyàtọ̀ kan wà tí ó ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ wa. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti dá owó tiransifọ́mà, ẹgbẹ́ lè ní kí wọ́n má so wáyà rẹ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ̀ láti dá owó ọ̀nà, kò sí bí wọn yóò ṣe ní kí ó máa fò lọ sílé. Ìwé tí a fi tà ní iná: ẹni tí kò sanwó kò rí i lò. Ìwé àrọ́wọ́tó-gbogbo ni ọ̀nà. Ìṣòro rẹ̀ kì í ṣe bí a ó ṣe lé ènìyàn kúrò, bí kò ṣe bí a ó ṣe rí ẹni tí yóò máa dá owó nígbà tí ó mọ̀ pé bí òun kò bá tilẹ̀ dá a, òun yóò rìn kọjá.

Ọ̀nà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé ńláńlá gbà yanjú èyí ni kí wọ́n di ẹrù náà lé òǹkọ̀wé lórí. Àwọn kan nínú wọn ń gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá pọ́n-ùn tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé kan ṣoṣo kí ìwé rẹ̀ tó lè wà ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Onímọ̀ tí yunifásítì tàbí àjọ olówó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè rí i san. Olùkọ́ tí ó ń gba owó oṣù rẹ̀ ní náírà kò lè san án. Àbájáde rẹ̀ ni pé olùkọ́ ní Nàìjíríà lè ka ìwé ẹlòmíràn láìsanwó, ṣùgbọ́n a kò ní rí tirẹ̀ kà. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, àrọ́wọ́tó-gbogbo yóò ti sọ gbogbo ayé di òǹkàwé, yóò sì ti fi ipò òǹkọ̀wé sílẹ̀ fún olówó. Ìdí nìyí tí ìtẹ̀wé alájùmọ̀ṣe fi yẹ ní kíkọbi ara sí: nínú rẹ̀, òǹkọ̀wé kì í sanwó, òǹkàwé kì í sì í sanwó.

“Alájùmọ̀ṣe” ni ọ̀rọ̀ tí ó yẹ jù níbí. “Alájọṣe” náà kò burú, ṣùgbọ́n àjọṣe ti gba ìtumọ̀ ìbáṣepọ̀ láàrin ènìyàn méjì tàbí ìlú méjì. Àjùmọ̀ṣe ń sọ pé ọwọ́ púpọ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́ kan, pé kò sì sí ẹnì kan tí iṣẹ́ náà jẹ́ tirẹ̀ nìkan.

Fún àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè, àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé jù ni Language Science Press ní Berlin. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá-èdè fúnra wọn, lára wọn Martin Haspelmath àti Stefan Müller, ni wọ́n wà nídìí rẹ̀; ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2014, ó sì ti tẹ ju ọgọ́rùn-ún ìwé lọ láti ìgbà náà. Àwọn ìwé lórí àwọn èdè Áfíríkà wà nínú wọn: ọ̀wọ́ kan ń jáde níbẹ̀ lórí ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè Áfíríkà, nínú èyí tí a ti ń tẹ àwọn àpilẹ̀kọ àṣàyàn láti inú àpérò ọlọ́dọọdún tí wọ́n ń ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àwọn èdè wa. Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ níbẹ̀ ni ó yẹ kí a wò. Nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́-ìmọ̀ bá ti yẹ ìwé kan wò, tí wọ́n sì ti gbà á, a ó pín àwọn orí rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti ka àṣìṣe inú rẹ̀. Ẹnì kan mú orí kìíní, ẹlòmíràn mú orí kẹrin. Kò sí owó fún wọn. Orúkọ wọn ni a ó tẹ̀ sí iwájú ìwé náà. Nígbà tí ìwé tiwọn náà bá dé, àwọn mìíràn yóò kà á.

Yorùbá ní orúkọ fún èyí tẹ́lẹ̀. Àáró ni. Ẹni tí ó bá bá mi kọ ebè lónìí, èmi yóò bá a kọ tirẹ̀ lọ́la, ni ìlànà àáró. Ọ̀wẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ẹnì kan ni ó pè é nítorí iṣẹ́ kan tí ó pọ̀ jù fún un, bí ilé kíkọ́ tàbí iṣẹ́ oko àna, ó sì ń bọ́ àwọn tí ó wá, láìsí pé a ń ka ọjọ́ tí yóò san án padà. N. A. Fadipe ṣe àlàyé irú àṣà wọ̀nyí nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá. (Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí ó parí ní London ní ọdún 1939 ni, ilé ìtẹ̀wé Yunifásítì Ìbàdàn kò sì tẹ̀ ẹ́ títí di ọdún 1970, nígbà tí òǹkọ̀wé ti di olóògbé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni ìwé náà fi jẹ́ ohun tí ó ní láti jẹ́ pé ènìyàn lọ sí ibi tí ó wà kí ó tó rí i kà.) Nítorí náà, nínú ìtẹ̀wé alájùmọ̀ṣe, ọ̀rọ̀ méjì ni a nílò, kì í ṣe ẹyọ kan. Àáró ni iṣẹ́: yíyẹ ìwé wò, kíka àṣìṣe, títo ojú-ewé. Ìdáwójọ ni owó. Gẹ̀ẹ́sì kó méjèèjì pọ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kan. Yorùbá kò ní láti bá a kó wọn pọ̀.

Nípa owó náà, àwọn ibi-ìkówèésí ni ó ń dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ti máa ń ra ìwé tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń bẹ̀ wọ́n ni kí wọ́n má fi gbogbo owó náà ra ìwé tí a tì pa, kí wọ́n fi díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣí ìwé fún gbogbo ènìyàn. Language Science Press ń rí owó lọ́nà yìí, iye díẹ̀ lọ́wọ́ ibi-ìkówèésí kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí a ń pè ní Opening the Future, tí ilé ìtẹ̀wé Central European University àti ti Liverpool gbà ní nǹkan bí ọdún 2021. Ilé ìtẹ̀wé ní àwọn ìwé àtijọ́ tí ó ṣì ń tà. Ibi-ìkówèésí tí ó bá sanwó ọlọ́dọọdún yóò rí ẹ̀ka kan nínú àwọn ìwé wọ̀nyí kà. Owó tí wọ́n san ni a ó fi tẹ ìwé tuntun jáde ní àrọ́wọ́tó gbogbo ènìyàn. Bí a bá padà sí Arepo, ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n ń ta iná láti fi ṣe ọ̀nà. Ẹni tí kò sanwó kò rí iná, ṣùgbọ́n òun pẹ̀lú yóò rìn lójú ọ̀nà. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n ilé ìtẹ̀wé tí ó ti ní ìwé àtijọ́ tí àwọn ènìyàn ń wá ni ó lè ṣe é. Ilé ìtẹ̀wé tuntun kò ní iná tí yóò tà.

Kì í ṣe bí a ṣe ń rí owó nìkan ni ọ̀rọ̀ náà. Ta ni ó ni ohun tí a dáwó jọ sí? Ìtàn Knowledge Unlatched fi èyí hàn kedere. Frances Pinter ni ó dá a sílẹ̀ ní London ní ọdún 2012. Nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, àwọn ibi-ìkówèésí tí ó tó ọ̀ọ́dúnrún láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n dáwó tí a fi ṣí ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ nígbà náà. Lẹ́yìn ìyẹn ni ètò náà kó lọ sí Jámánì, ó di ilé-iṣẹ́ olókòwò, nígbà tí ó sì di oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2021, ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Wiley rà á. Ìwé tí a ti ṣí kò di títì pa, nítorí pé ìwé-àṣẹ wọn kò ṣe é gbà padà. Ṣùgbọ́n ètò náà fúnra rẹ̀, orúkọ rẹ̀ àti ìbáṣepọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ibi-ìkówèésí, di ohun ìní olókòwò. Ẹgbẹ́ onílé tí ó fi orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ra tiransifọ́mà yóò mọ irú ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Àwọn tí ó wà nídìí iṣẹ́ COPIM, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2019, gbìyànjú láti dí ihò yìí. Láti inú iṣẹ́ náà ni Open Book Collective ti jáde ní ọdún 2022. Ẹgbẹ́ aláàánú tí òfin dá mọ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó ní ìpín nínú rẹ̀ tí yóò tà. Àwọn ibi-ìkówèésí tí ó ń dáwó àti àwọn atẹ̀wé kéékèèké tí ó ń gbà á jọ ní ohùn nínú ìṣàkóso rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ètò yìí àti ti ìṣáájú kò sí nínú bí wọ́n ṣe ń gba owó rárá. Inú ìwé òfin ẹgbẹ́ ni ó wà. Nítorí náà, bí a bá ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ lórí irú àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí, kí a má ṣe lo “ilé-iṣẹ́” fún gbogbo wọn. “Ẹgbẹ́” àti “ilé-iṣẹ́” ń sọ ohun méjì nípa ẹni tí ó ni nǹkan.

Ní Áfíríkà, irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì. CODESRIA, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1973, tí ibùjókòó rẹ̀ sì wà ní Dakar, ti gbé ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà wọ́n. African Books Collective, tí àwọn atẹ̀wé Áfíríkà fúnra wọn dá sílẹ̀ tí wọ́n sì ń darí, ń bá wọn ta ìwé ní ilẹ̀ òkèèrè. Àrọ́wọ́tó-gbogbo kọ́ ni iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n àjùmọ̀ṣe ni. Ní Ìbàdàn, IFRA, ilé-ìwádìí ilẹ̀ Faransé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 nínú ọgbà yunifásítì, ti gbé àwọn ìwé rẹ̀ lórí ìṣàkóso ìlú àti ìwà ipá ní ìgboro, tí a tẹ̀ ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, sórí OpenEdition Books, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà wọ́n lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé lórí Ìbàdàn tí a tẹ̀ ní Ìbàdàn ni ó wá jẹ́ pé ẹ̀rọ ilẹ̀ Faransé ni a fi ń kà á. Kò sí ohun tí ó burú nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ìwé-àṣẹ, èyí tí ó kan àwọn olùtumọ̀ jù lọ. Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ni òfin fi dá ààbò bo iṣẹ́ rẹ̀. Ní Nàìjíríà, lábẹ́ òfin ọdún 2022, ẹ̀tọ́ yìí wà fún ìwé títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú òǹkọ̀wé. Ìwé tí àkókò yìí ti kọjá lórí rẹ̀, bí The History of the Yorubas tí Samuel Johnson parí ní ọdún 1897, tí ó sọnù lọ́wọ́ atẹ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí àbúrò rẹ̀ Obadiah sì tún kọ kí ó tó jáde ní ọdún 1921, ti di ti gbogbo ayé. Ìwé tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti parí ni kí a máa pè é, kí a má fi í pe ìwé àrọ́wọ́tó-gbogbo. Nínú ìwé àrọ́wọ́tó-gbogbo, ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ṣì wà digbí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fi ìwé-àṣẹ yọ̀ǹda díẹ̀ nínú rẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Àwọn ìwé-àṣẹ tí a ń lò jù ni ti Creative Commons, tí wọ́n kọ́kọ́ jáde ní ọdún 2002. Májẹ̀mú mẹ́rin ni wọ́n ń pààrọ̀ láàrin ara wọn, a sì lè pè wọ́n báyìí: dárúkọ-òǹkọ̀wé, má-fi-ṣòwò, má-yí-i-padà, àti fi-irú-àṣẹ-yìí-kan-náà-fún-ni. Ọ̀rọ̀ gígùn ni èyí tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí ó kúrú tí kò ní pa ìtumọ̀ dà. Orúkọ aláṣẹ, tí ó dá lórí ọ̀rọ̀-ìṣe, ni ó dára jù fún gbogbo wọn, nítorí pé àṣẹ ni wọ́n, a sì ti mọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú orúkọ ènìyàn àti orúkọ ewé.

Má-yí-i-padà ni kí olùtumọ̀ ṣọ́ra fún. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ń yàn án nítorí ìbẹ̀rù pé ẹlòmíràn lè dá ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Wọn kò rò ó pé, lójú òfin, ìtumọ̀ jẹ́ ìyípadà. Ìwé tí májẹ̀mú yìí bá wà lórí rẹ̀, olùkọ́ lè kà á, ó lè fún gbogbo kíláàsì ní ẹ̀dà rẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè túmọ̀ orí kan nínú rẹ̀ sí Yorùbá kí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ tọrọ àṣẹ. Fún èdè tí a ń fẹ́ kí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ibòmíràn wọ inú rẹ̀, ìyàtọ̀ láàrin dárúkọ-òǹkọ̀wé lásán àti èyí tí má-yí-i-padà so mọ́ kì í ṣe kékeré. Ìwé Finnegan tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dárúkọ-òǹkọ̀wé nìkan ni májẹ̀mú rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ orí tí ó wà lórí èdè ìlù sí Yorùbá lónìí lè bẹ̀rẹ̀ láì kọ lẹ́tà sí ẹnikẹ́ni.

Ibìkan wà tí ìwé-àṣẹ kò dé, ó sì yẹ kí a sọ ọ́. Òǹkọ̀wé lè yọ̀ǹda ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ẹsẹ Ifá tí babaláwo kì fún un, oríkì tí àgbà obìnrin ilé kan sun sí ẹ̀rọ ìgbohùn rẹ̀, a kò lè fi ìbuwọ́lùwé òǹkọ̀wé nìkan sọ wọ́n di ti gbogbo ayé. Òfin ọdún 2022 náà ní apá kan tí ó dá ààbò bo iṣẹ́ ọnà ìbílẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó ń gba ohùn sílẹ̀ ní láti bi ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ pé ṣé ó gbà kí ohùn rẹ̀ dé ibi gbogbo, kí wọ́n sì bi í kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fún oríkì, kí ó sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ fún ọfọ̀.

Ó ku ohun kan tí ó dà bí kékeré lójú àwọn tí kì í ṣe Yorùbá. Ìwé tí ó wà ní àrọ́wọ́tó, tí a kò sì lè rí nígbà tí a bá wá a, kò sí ní àrọ́wọ́tó. Ohun tí ó ń jẹ́ kí a rí ìwé ni àkọsílẹ̀ tí a ṣe nípa rẹ̀: orúkọ òǹkọ̀wé, àkọlé, ọdún, èdè, ìwé-àṣẹ. Àkọsílẹ̀-ìdánimọ̀ ni orúkọ tí ó yẹ ẹ́. Àwọn atẹ̀wé kéékèèké kò ní owó láti máa ṣe èyí bí àwọn ńlá ti ń ṣe é, ìdí sì nìyí tí COPIM fi ṣe Thoth, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n jọ ń lò láti kọ àkọsílẹ̀-ìdánimọ̀ ìwé wọn, kí ó sì lọ sí ibi-ìkówèésí gbogbo.

Fún ìwé Yorùbá, ìṣòro wà nínú àkọlé gan-an. Kọ̀ǹpútà mọ lẹ́tà ẹ tí kò ní àmì ohùn gẹ́gẹ́ bí ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan fún ẹ tí ó ní àmì ohùn òkè. Méjì ni a ní láti so pọ̀, lẹ́tà àti àmì. Ẹnì kan lè kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀, kí ó wá fi àmì ohùn lé e. Ẹlòmíràn lè kọ́kọ́ tẹ lẹ́tà tí ó ní àmì ohùn, kí ó wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú kọ̀ǹpútà tí a kò bá kìlọ̀ fún, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n. Àwọn kan tún ń fi ìlà kékeré òòró sí abẹ́ lẹ́tà dípò àmì tóótó, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ ti ṣe, ìyẹn náà sì jẹ́ àmì mìíràn pátápátá. Nítorí náà, akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ àkọlé ìwé kan láìṣì í kọ, kí ẹ̀rọ sì sọ fún un pé kò sí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Àkọtọ́ tí ó yí padà ní nǹkan bí ọdún 1974 tún fi tirẹ̀ kún un: ẹni tí ó bá tẹ “ayé” kò ní rí ìwé tí a kọ “aiye” sí lójú.

Ohun tí ó yẹ kí àkọsílẹ̀-ìdánimọ̀ ìwé Yorùbá ní kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Kí àkọlé kọ́kọ́ wà bí ó ti wà lójú ìwé, ì báà jẹ́ àkọtọ́ àtijọ́, láìfi nǹkan kan kún un. Kí ó tún wà ní àkọtọ́ òde-òní pẹ̀lú gbogbo àmì ohùn, lẹ́tà tí ó ní àmì ìsàlẹ̀ ni kí a sì kọ́kọ́ tẹ̀ kí àmì ohùn tó tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà ni kí ó wà láìní àmì kankan, nítorí àwọn tí ó ń fi fóònù wá ìwé. Àwọn olùtọ́jú ibi-ìkówèésí kò lè ṣe ìlà kejì fúnra wọn bí wọn kò bá gbọ́ èdè náà. Iṣẹ́ àwọn olùkọ́ Yorùbá ni, a sì lè ṣe é láàáró, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn ìwé tí ó wà ní ẹ̀ka tirẹ̀.